Àlejò Ni Wá Lórí Òkè

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìdánwò sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, àwa mẹ́sàn-án háyà bọ́ọ̀sì láti Adó-Èkìtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọ̀rẹ́ wa kan pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ètò wa ni pé ká mu ẹmu lójú ọ̀nà, ká gun òkè, ká ya fọ́tò, ká sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo rẹ̀ la ṣe, fídíò rẹ̀ sì dára. Ohun tí kò sí nínú fídíò náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn náà ti ń ṣètò tiwọn.

Nígbà tí a kọjá Aramọkọ, a dúró lọ́dọ̀ bàbá adẹ́mu kan. Ẹmu àárọ̀ tó gbé fún wa ṣì dùn. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìwúkàrà á ti sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, á sì máa kan. Ìdí nìyẹn tí ẹmu kò fi lè dúró de oníbàárà bíi wáìnì inú ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún nígbà tó dùn, òun ló máa lọ bá a nídìí ọ̀pẹ.

Bàbá ní kí wọ́n gbé “ugbá” wá, ni àwọn kan nínú wa bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń sín in jẹ. Àwa ọmọ ẹ̀dá-èdè! Kíláàsì wa la ti kọ́ pé fáwẹ̀lì “u” kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, àmọ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì. A kọ ọ́ nínú ìdánwò, a gba máàkì, a wá ń fi ẹni tó ń sọ ọ́ ṣẹ̀sín. Ìmọ̀ wo nìyẹn?

Ti orí òkè ló burú jù. Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ní “màmá mi wà lórí òkè,” kò sẹ́ni tó máa rò pé màmá lọ gbafẹ́. Àdúrà ni. Ìtàn wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa wàásù. Ní 1930, lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Òóyè ní Iléṣà, ó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 1959. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ.

Lórí òkè tí a gùn, a bá obìnrin kan lórí ẹní, ó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. A tan sípíkà. Ó gbójú sókè, ó rí kéèkì lọ́wọ́ wa, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ọmọ tèmi wà ní ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.” Kò bínú rárá. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọ̀ wá lọ́rùn. Ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ló sáré pa sípíkà.

Àwọn kan á ní òkè kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ẹlòmíràn níbì kan, àlejò ni. Àwọn mìíràn á ní ká má lọ mọ́, ká jókòó sílé. Èmi kò gbà. Èkìtì tí àwọn èèyàn ti ń gun òkè àdúrà yìí náà ló bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó gbé ìtàn ọ̀mu-ẹmu Amos Tutùọlá sórí ìtàgé ní 1963. Ẹmu àti àdúrà ti jọ wà nílẹ̀ yìí tipẹ́. Kálukú wọn ní àyè tirẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gun òkè, kí ẹ sì fi sípíkà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ni kí ẹ yà mu ẹmu. Adẹ́mu máa ń tún gun ọ̀pẹ nírọ̀lẹ́. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè orúkọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pè é bí òun ṣe pè é.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, a gé kéèkì fún màmá náà. Ó ń gbààwẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ó fi bébà wé e, ó ní òun á gbé e lọ fún ọmọ òun.