Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì: Eruku Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kú lójijì. Ẹ tún tàn án, ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún kú. Òbí á ti máa ronú ibi tí owó òmíràn máa ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Ó lè jẹ́ eruku ló dí i nímú.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn processor, máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Irin kan tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gba ooru náà, fáànù á sì fẹ́ ẹ dànù. Bí eruku bá dí àwọn ihò yẹn, fáànù lè máa yí, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà gbà. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100 Celsius, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná.

Fún àwa tá à ń gbé ní Bonapriso àti káàkiri Douala, ìṣòro méjì ló pàdé. Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, ẹ̀rùn ń gbé eruku wọlé. Tí òjò bá dé, ọ̀rinrin á mú kí eruku náà lẹ̀ mọ́ apá fáànù. Ìdí nìyẹn tí fífẹ́ ẹ nìkan kì í fi tó.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ gbé e síta, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀ gbá eruku kúrò. Ẹ má lo omi. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́. Àpótí kékeré tí wáyà iná wọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe ṣí i láé: iná ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè ṣekú pani.

Bí fáànù bá ṣì ń pariwo tàbí tó ń yí gọ́ìgọ́ì, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ kí ẹ tó lọ ra òmíràn. 80 mm àti 120 mm ló wọ́pọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpútà tuntun. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń kú, ẹ gbé e fún alátùn-únṣe, kó pààrọ̀ thermal paste tó wà láàárín processor àti irin rẹ̀. Ó máa ń gbẹ tó bá pẹ́.

Látòní lọ, ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín òun àti ògiri, ẹ má sì da aṣọ bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ máa yẹ inú rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin tí fọ́tò ìdílé yín wà nínú rẹ̀, ẹ tètè dà á kọ síbòmíràn kí ó tó di pé ó kọ̀ tí kò tàn mọ́.