Ẹ Má Dáná Sun Èèpo Ẹ̀gẹ́ Yẹn Mọ́

Ní Masifa àti àwọn abúlé tó yí Èjìgbò ká, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń gbìn sí i. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ ń fara da ilẹ̀ tó kan, àgbàdo ò sì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n tí àgbàdo bá ràn, tó pọ́n rúsúrúsú, àgbẹ̀ á ní ilẹ̀ ti gbó, á wá igbó mìíràn lọ. Igbó ọ̀hún ló sì ń tán lọ yìí.

Òjò ló kọ́kọ́ ń fa kíkan náà. Ọdọọdún ló ń fọ kálísíọ́ọ̀mù inú ilẹ̀, tí kì í jẹ́ kó kan, lọ sísàlẹ̀, ìkórè sì ń kó tirẹ̀ lọ sọ́jà. Yùríà tí wọ́n ń dà sí i lọ́dọọdún, láìfi nǹkan mìíràn kún un, tún ń dá kún un. Bí ìwọ̀n pH ilẹ̀ bá wá rẹlẹ̀ ju 5.5 lọ (7 ni ti ilẹ̀ tí kò kan rárá), alumíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á yọ́, á sọ gbòǹgbò di kúkúrú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á sì há mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀gbìn ò ní rí i fà mu. Owó fàtíláísà ń ṣòfò nìyẹn.

Ohun tó jẹrà ló ń tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ta ni kò tíì rí ìbẹ́pẹ tó lalẹ̀ hù lórí àkìtàn, tó so jìngbìnnì? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sọ nípa ilẹ̀ dúdú kan ní àwọn abúlé Làìbéríà àti Gánà, tó lọ́ràá ju ilẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Eérú, eédú àti pàǹtí ìdáná tí àwọn obìnrin ń dà síbẹ̀ láti ayébáyé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta àpò fàtíláísà kankan fún wọn.

Ìgbẹ́ adìẹ tó ń yé ẹyin tún lágbára sí i. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, wà nínú oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le. Èyí tí ara wọn ò lò á bá ìgbẹ́ jáde, á sì pa kíkan ilẹ̀. Ewé àti ìgbẹ́ tó jẹrà tún máa ń di alumíníọ́ọ̀mù mú kó má pa gbòǹgbò lára.

Àwọn kan á ní eérú sáà dára. Ó dára, ó ń dín kíkan kù, àmọ́ náítírójìn ti bá èéfín lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń sun níbi tí wọ́n ti ń yan gàárì, oúnjẹ ilẹ̀ ni.

Fàtíláísà kì í ṣe ọ̀tá o. Ní Àbújá ní 2006, òun gan-an ni àwọn olórí Áfíríkà gbé lárugẹ níbi ìpàdé wọn: wọ́n ní kí lílò rẹ̀ dé kílò 50 èròjà oúnjẹ ọ̀gbìn fún hẹ́kítà kan tó bá fi máa di 2015. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní oṣù karùn-ún 2024, ìlera ilẹ̀ ti wọ orúkọ ìpàdé náà. Díẹ̀ nínú fàtíláísà, tí a pò mọ́ ìgbẹ́ tó jẹrà, sábà máa ń ṣe àgbàdo láǹfààní ju kí a lo ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Tọ́ọ̀nù ìgbẹ́ 5 sí 10 ni hẹ́kítà kan lè gbà, òórùn rẹ̀ ò sì ṣeé bá ṣeré. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ fi igun oko kan bẹ̀rẹ̀. Kó kó èèpo, koríko àti ìgbẹ́ jọ sábẹ́ ibòji nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó máa wọ́n omi sí i, kó máa yí i po títí á fi dúdú, tí kò ní gbóná mọ́. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó ọ̀gbìn. Kó rò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó tó gbin àgbàdo. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kan tó, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò jìnnà, Èjìgbò níbí náà ló wà: kó bu erùpẹ̀ dání, kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.