Ẹ Má Gba Àdá Lọ́wọ́ Bàbá
Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún nílẹ̀ Ìgbómìnà tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kó tó gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá 2021. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ní í sọ èèyàn di arúgbó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbóná díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tó wà lẹ́yìn odi, bí bàbá bá ṣì lè ro ẹ̀yìnkùlé, ẹ jẹ́ kó ro ó. Ẹ dín iyọ̀ ọbẹ̀ bàbá kù. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ má fi "ọjọ́ ogbó ló dé" bo àìsàn mọ́lẹ̀.