Ará Ilé Tí A Tà Lọ́pọ̀

"Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n." Lóde òní, ẹni tó ń tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ lójú àlejò ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ọjà ni òwe náà ń sọ: ẹni tó tà, iye tó gbà, àti ọjọ́ tó fẹ́ rà padà. Ní agbègbè Èkó, kò sí ibi tó ti ṣẹ tó orí ilẹ̀, nítorí pé nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ gan-an jẹ́ ará ilé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gba ẹ̀rí ní nǹkan bí 1912, Ẹlẹ́sì ti Odògbólú ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Olórí ẹbí kò ju alámòójútó lọ. Àlejò tó bá fẹ́ dáko yóò máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu, obì tàbí ọtí, yóò sì máa lo ilẹ̀ náà títí, ọmọ rẹ̀ náà lè jogún oko. Ohun tó ń gbé wá kì í ṣe owó ilẹ̀. Ó fi ń jẹ́wọ́ pé òun mọ onílẹ̀ ni.

Ìwé ló sọ ilẹ̀ Èkó di ọjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí àdéhùn tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará erékùṣù náà ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin Victoria. Ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tà, ó sì lè fi ilẹ̀ dógò lọ́dọ̀ oníṣòwò òyìnbó kí ó tó gba ọjà láwìn. Bí owó epo àti èkùrọ́ bá wálẹ̀ nílùú òyìnbó, gbèsè a dé, ilẹ̀ a sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yáni lówó. Ilé tí bàbá kọ́ fún ẹbí di ohun tí wọ́n ń lu ní gbàǹjo.

Ìgbà kan wà tí onílẹ̀ rí owó tó jọjú gbà. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì ní owó ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló tọ́ sí Olóyè Olúwa, pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Olóyè náà, Àmọ́dù Tìjánì, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a rìnrìn àjò náà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ibẹ̀ tí Viscount Haldane sọ̀rọ̀ fún dá Olúwa láre: àwùjọ àti ẹbí ló ni ilẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ san iye rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun onílẹ̀. £22,500 ni owó tó jáde nínú ẹjọ́ náà. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé Olúwa kò gba ilẹ̀ náà padà. Owó ló gbà, Àpápá sì di èbúté.

Bí a bá kúrò létí omi lọ sí òkè, ojú irin ló gbé iye dé Ìkẹjà àti Agége. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Èkó ní nǹkan bí 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò ti sú ti wọnú igbó Agége lọ dá oko kòkó àti obì. Gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí owó kòkó já lulẹ̀ lẹ́yìn 1920, gbèsè mu ọ̀pọ̀ wọn. Obì ló kù tó ń mówó wọlé, òun náà ló sì fa àwọn oníṣòwò Hausa wá sí Agége.

Títí di ìgbà yìí, àgbẹ̀ ló ń wá ilẹ̀, iye rẹ̀ kò sì ju ohun tó lè hù lórí rẹ̀ lọ. Àyípadà dé nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í níye nítorí ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe pápákọ̀ òfuurufú sí Ìkẹjà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ya ilẹ̀ gbọọrọ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn: ẹ̀yìn ààlà Èkó gan-an ni Ìkẹjà wà, ilé-iṣẹ́ tó bá dúró síbẹ̀ yóò máa lo èbúté, ojú irin àti ọjà Èkó, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni yóò wà. Guinness, Dunlop àti Cadbury dé láàárín àwọn ọdún 1960. Òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, ilé sì di ọ̀wọ́n. Ìkẹjà bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, ó sì di olú-ìlú rẹ̀ ní 1976.

Àwọn ẹbí Àwórì, onílẹ̀ Ìkẹjà, tó ta oko wọn nígbà yẹn kò ya òmùgọ̀. Oko ni wọ́n tà, iye oko ni wọ́n sì gbà. Owó epo rọ̀bì ló wá sọ wọ́n di ẹni tó ta ará ilé lọ́pọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba fi kún owó oṣù lórí àbá ìgbìmọ̀ Údójì, tí owó tó dé lẹ́ẹ̀kan náà kún ìgboro. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kò mọ ibi tí yóò fi í pamọ́ sí ju ilẹ̀ lọ. Ọmọ ẹni tó ta ilẹ̀ Agídìńgbì ní Ìkẹjà ń háyà yàrá kan ní Agége.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé òfin ìlò ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má tà á láìgba àṣẹ rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O, tó gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún 99 ló sábà máa ń fúnni. Ibi tó ti dun onílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ gbà-máà-bínú: bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn àti ilé orí rẹ̀ ni yóò sanwó lé lórí, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí Olúwa jà fún dé Lọ́ńdọ̀nù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Onílẹ̀ tó bá gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá kọ́ ọgbọ́n kan: kí ó tètè tà, iye yòówù kó jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òfin tí wọ́n ṣe láti dín títà ilẹ̀ kù ló mú un yá jù.

Etí òkun ni ìyára náà ti hàn jù. Ilẹ̀ tóóró ni Lẹ́kkí láàárín ọ̀sà àti òkun, iyanrìn àti irà ló pọ̀ níbẹ̀, apẹja àti àgbẹ̀ àgbọn ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Lateef Jákáńdè ni títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í là á já. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki lé àwọn ará àdúgbò Màrókò kúrò, àwọn tí iye wọn tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ti sọ, ilẹ̀ wọn sì di ibùgbé olówó. Lẹ́yìn náà ni agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí dé, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún 2023, àti èbúté tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún kan náà. Ní 2024, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì etí òkun láti Èkó dé Calabar, tó tó 700 kìlómítà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́ kan lórí rédíò ni iye ilẹ̀ ń fò sókè, bí kò tilẹ̀ sí búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀.

Òwe mìíràn ni àwọn tó ń rà á máa ń fọkàn tẹ̀: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò rà á láti gbé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, awakọ̀ ní Houston, gbogbo wọn ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n ń retí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wọn.

Ayé ti rí irú rẹ̀ rí. Ní Florida, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín 1924 sí 1926, ìwé ìdúnàádúrà lásán ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń tà fún ara wọn ní ìgboro Miami, ìwé kan a máa pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Charles Ponzi, gbájú-ẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ta irà tó pè ní ilẹ̀ ìtòsí Jacksonville. Ìjì líle oṣù kẹsàn-án 1926 bá ọjà tó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì parí rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí a fiyè sí. Gbèsè ni wọ́n fi ra ti Florida. Nígbà tí ẹni tó jẹ gbèsè kò rí i san, ọjà dà wó. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra ti Lẹ́kkí, nítorí pé báǹkì kì í sábà yáni lówó sórí ilẹ̀ irà. Ìdí nìyí tí iye rẹ̀ kì í fi í já lọ́jọ́ kan. Ó kàn máa ń dúró sójú kan ni, tí ẹni tó fẹ́ tà á kò ní rí ẹni tí yóò rà á. Náírà tó ń rẹlẹ̀ tún máa ń bo àbùkù náà: láti àárín 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, ilẹ̀ tó di ìlọ́po méjì ní náírà lè ti wálẹ̀ ní dọ́là, kí onílẹ̀ sì máa yọ̀.

Etí òkun ni ilẹ̀ yìí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Aláùsá ní Ìkẹjà ni ìwé rẹ̀ wà. Bí a bá tẹ́ ìwé sọ́fè kan sórí tábìlì, orúkọ ẹni tó rà á wà lókè, ìlà pupa yí ilẹ̀ náà po, igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà òkúta bíkọ̀n tirẹ̀, òǹtẹ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ìwé náà dára lójú. Kò sọ pé ilẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá ni wọ́n ti ń fi òǹkà orí rẹ̀ wé máàpù ìjọba, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ̀ bóyá abúlé tó ni ilẹ̀ náà ti gbà á padà lọ́wọ́ ìjọba nínú gáséètì, àbí ìjọba ti fi í pamọ́ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sanwó tán kí wọ́n tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Púlọ́ọ̀tì pàápàá ti súnkì: ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni Èkó mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń polówó lónìí lè má tó ìdajì rẹ̀, orúkọ náà kò sì yí padà.

Ọmọ onílẹ̀ ni òwe náà bá wí jù. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, tó sanwó, tó gba rìsíìtì, yóò tún pàdé wọn nígbà tó bá kó iyanrìn dé. Owó ìpìlẹ̀ wà. Owó dẹ́kìn wà. Owó òrùlé ń bọ̀ lẹ́yìn, owó ògiri àti ti géètì náà ń dúró. Àwọn ará ìlú ń pè é ní jàgídíjàgan, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Síbẹ̀, bí a bá fi òwe yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbìyànjú láti gba iye tí bàbá wọn kò gbà, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jí dìde lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹ̀ka ẹbí méjì fi ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ní Ìkẹjà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ní oṣù kẹjọ 2016, Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó sọ iṣẹ́ ajagungbalẹ̀ di ọ̀ràn. Ó dín ìbọn àti àdá kù níbòmíràn, kò dá owó dẹ́kìn dúró.

Òkun náà ń gba tirẹ̀. Ní Òkun Àlfà, ní etí òkun Lẹ́kkí, omi ti gbé ilé àti títì lọ. Nígbà tí ipa títì Calabar sì yí padà ní agbègbè Òkun-Àjá, àwọn tó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀ láti òkè òkun rí i pé ìwé ọwọ́ wọn kò dá katakata dúró.

Ní Ìkẹjà, ọ̀nà mìíràn ti ń yọ. Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí ilẹ̀ wọn ti níye ju ẹ̀rọ inú wọn lọ sì ti di ilé ìjọsìn, ilé ìkẹ́rùsí tàbí gbọ̀ngàn àríyá. Ní Òtìgbà, ilé ìgbé di ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn onílé ibẹ̀ tí kò tà sì ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Ní GRA àti àyíká rẹ̀, ẹbí tó jogún ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ àtijọ́ ń bá kọ́lékọ́lé ṣe àdéhùn: ẹbí mú ilẹ̀ wá, òun mú owó wá, wọ́n wó ilé náà, wọ́n kọ́ fúláàtì, ẹbí sì gba díẹ̀ nínú wọn. Lọ́yà ló ń kọ àdéhùn náà, gbogbo ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Níbi pínpín ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé fúláàtì mẹ́rin kì í ká ọmọ méje, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà a sì máa fẹ́ kí wọ́n ta tirẹ̀.