Ìṣirò Tí A Há Sórí àti Ìṣirò Tí Ó Yéni

Nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n kàwé láyé ìjọba amúnisìn bá ń sọ pé àwọn ọmọ òde òní kò mọ ìṣirò mọ́, tí àwọn ọmọ náà sì ń fèsì pé àkọ́sórí lásán ni tàwọn àgbà, ìhà méjèèjì kì í sábà kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, nítorí pé ohun tí ó ya ìran kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn kì í ṣe bí orí wọn ti pé tó, bí kò ṣe ohun tí ilé-ìwé kà sí ìmọ̀ ìṣirò nígbà tiwọn àti èdè tí olùkọ́ fi là á yé wọn.

Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, ọjà ni Yorùbá ti ń kọ́ ìṣirò. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Márùn-ún márùn-ún ni ẹni tí ń kà á ń fà á sí apá kan, tí ó bá sì ti fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ogún. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ó kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887, gbà pé inú kíka owó ẹyọ yìí ni ètò òǹkà náà ti jáde, ètò tí ó fi ogún ṣe ìpìlẹ̀, tí ó sì ń lo àyọkúrò bí ó ti ń lo àròpọ̀, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ dé orí 45 yóò mú ogún lọ́nà mẹ́ta, yóò yọ mẹ́wàá, yóò sì tún yọ márùn-ún. Ìrònú ni kíkà fúnra rẹ̀ jẹ́ fún ọmọ tí ó bá kọ́ ìṣirò lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé gbé òǹkà mìíràn dé, èyí tí ó fi mẹ́wàá ṣe ìpìlẹ̀, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbapò Yorùbá nínú rẹ̀ bí ọmọ ti ń gun kíláàsì. Láti Sítáńdáàdì Kìíní títí dé Ìkẹfà, táìmùsì, ìyẹn àtẹ ìlọ́po tí wọ́n ń kọ lórin títí dé méjìlá lọ́nà méjìlá, ni òpómúléró ẹ̀kọ́ náà, pàṣán olùkọ́ sì ń bá a rìn. Méjìlá náà nídìí, nítorí pé kọ́bọ̀ méjìlá ní ń ṣe ṣílè kan, ogún ṣílè ní ń ṣe pọ́n-ùn kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì sì jẹ́ mẹ́fà, ẹni tí kò bá sì lè ṣe é lórí yóò pàdánù lọ́jà. Ìyẹn ni ó fà á tí ìran yẹn fi yára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, òfin ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́, wọn kò kọ́ ìdí rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé bí a bá fẹ́ fi ìdá kan pín òmíràn, kí a dojú èyí tí ó gbẹ̀yìn dé kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po, láìsí ẹni tí ó fi hàn wọ́n pé ohun kan náà ni ìyá alágàrí ń ṣe nígbà tí ó bá fi ìdámẹ́rin kóńgò bu ìdajì kóńgò, tí ó sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e ti òkèèrè wá. Lẹ́yìn tí Soviet Union ju sátẹ́láìtì Sputnik sí òfuurufú ní 1957, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé àwọn ọmọ wọn ti rẹ̀yìn, àwọn onímọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé ìṣirò kọ kí òye lè rọ́pò àkọ́sórí. Ní 1962, àwọn onímọ̀ pàdé ní Entebbe ní Uganda láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún Áfíríkà, Grace Alele-Williams, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, sì wà lára àwọn tí ó bá ètò náà ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí ó wọ kíláàsì ní Nàìjíríà ni sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ àwọn ohun tí a lè fi àbùdá kan dá mọ̀, àti òǹkà tí ó fi méjì tàbí márùn-ún ṣe ìpìlẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀, ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń fi ogún kà nílé ni ó sì yẹ kí ó tètè yé jù lọ, ìbá ṣe pé olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ṣùgbọ́n a fún olùkọ́ ní ìwé kí òye ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ bá àwọn òbí, ní 1977 ìjọba àpapọ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa á tì. Àṣẹ ni ó gbé e wá, àṣẹ ni ó lé e lọ, kò sì sí èyí nínú méjèèjì tí ó mú ìmọ̀ olùkọ́ gbòòrò.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, iṣẹ́ tí ó so èso ń lọ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáradára ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, nínú ìṣirò àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Helen Verran, onímọ̀ ọmọ Australia tí ó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì yìí kan náà lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2001 bí olùkọ́ kan ṣe kọ́ni ní ìwọ̀n gígùn: ó ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ìdúró ẹnì kan, kí wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí ó yí i ká. Ọ̀nà náà yàtọ̀ sí èyí tí a fi kọ́ olùkọ́ náà, ó sì yé àwọn ọmọ dáadáa. Ẹni tí ó bá rántí okùn owó ẹyọ yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ó dunni púpọ̀ pé ẹ̀rí yìí kò tíì di ìlànà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ní 2025 wọ́n sì wọ́gi lé e. Àwọn tí wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ìṣirò kò rí ọ̀rọ̀ náà tán, nítorí pé àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí fún ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ ni ó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba nípasẹ̀ SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá pe àwọn olùkọ́ wọn jọ nígbà ìsinmi, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí ó wà lẹ́yìn òfin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí pínpín ìdá.