Ọlidé Ọjà Ìpín àti Ọlidé Òṣìṣẹ́



Ọjà kan wà ní Èkó tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1961. Wọn kì í ta gàrí níbẹ̀, wọn kì í ta aṣọ. Ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń tà: ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ilé-iṣẹ́ ọtí bíà, báńkì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ná an. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti kéde ọlidé, ọjà tì nìyẹn. Nígbà ọdún Iléyá, nígbà Kérésìmesì, àti ní Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tí ó di ọlidé jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1981, ẹnikẹ́ni kì í rà, ẹnikẹ́ni kì í tà.

A kò bínú sí ìsinmi wọn. Owó tiwa náà ń dé ibẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí a yọ náírà 8, ó kéré tán, nínú 100 owó oṣù wa, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Àwọn tó ń bójú tó owó náà a máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ìpín. Bí ọjà bá tì lọ́jọ́ ọlidé, owó wa kò sọnù. Yóò dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí.

Ìbéèrè wa ni pé: bí ẹni tó ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́ bá lè sinmi, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀ ńkọ́? A mọ̀ pé iná ìléru mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ pa. A mọ̀ pé èrò ọdún gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ wọ̀ délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé, kí wọ́n san owó ọlidé fún un, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mìíràn tí yóò fi sinmi.

Òfin Iṣẹ́ gbà pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jókòó ṣe àdéhùn lórí wákàtí iṣẹ́. Ohun tí a kò bá kọ sínú ìwé àdéhùn, ojú àánú ọ̀gá la ó máa wò fún un. Ọjà ìpín kì í bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó tì, ìlànà ni. Kí tiwa náà di ìlànà.

Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Ẹ mú àkọsílẹ̀ gbogbo ọlidé tí ẹ fi ṣiṣẹ́ dání. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.