Ọkọ̀ Onígbòkun Ọ̀fẹ́ Ló Wọ́n Jù Lọ

1/ Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní UK, tí owó ilé ti sú yín, tẹ́ ẹ wá ń wo fídíò "Mo ra ọkọ̀ ojú omi ní £1,000, mi ò san owó ilé mọ́," ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń purọ́ fún yín. Kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Ìdajì òótọ́ ni, ìyẹn ló sì burú jù.

2/ Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ rèé: ọkọ̀ onígbòkun kékeré tòkunbọ̀ pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́. Láti bíi ọdún 1960 síwájú, fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, fáíbà kì í sì í jẹrà. Àwọn tó kọ́kọ́ rà wọ́n ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn ò fẹ́. Kẹ́ ẹ sì wá sọ ọkọ̀ fáíbà nù gan-an, owó ni.

3/ Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí "ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣáà wá gbé e." Ẹni tó ń fún yín lọ́kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹrù ló ń sọ̀ kalẹ̀. Orí yín ló fẹ́ gbé e lé.

4/ Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan pàtó: Westerly Centaur. Ẹsẹ̀ bàtà 26 ni gígùn ẹ̀. Láàárín 1969 sí 1980, èyí tí wọ́n ṣe lé ní 2,000. Ó ní ẹsẹ̀ méjì lábẹ́, nítorí náà tí omi bá fà lọ, ó máa dúró lórí ẹrẹ̀ láìṣubú. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tówó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀: ibi ìdákọ̀ró tí omi ti máa ń fà gbẹ sábà máa ń dínwó ju marina lọ fíìfíì.

5/ Ẹ lè rí Centaur láti nǹkan bíi £2,000 sókè. Ó dáa. Ibẹ̀ ni fídíò ti máa ń parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀.

6/ Wáyà tó di òpó ọkọ̀ mú ńkọ́? Tó bá ti tó bí ọdún 10, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Owó wáyà pẹ̀lú owó iṣẹ́ lè sún mọ́ owó tẹ́ ẹ fi ra ọkọ̀. Tí ò bá sì sí ìnṣọ́ránsì, ọ̀pọ̀ marina ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.

7/ Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Tí dísù inú ẹ̀ bá ti kú, tuntun lè ju ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà pé kó má tàn án kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Tẹ́ ẹ bá bá a tó ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ́ńjìnnì tó bá lágbára, ó yẹ kó dáhùn láti inú òtútù.

8/ Ara ọkọ̀ ńkọ́? Òkè ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, igi fúyẹ́fúyẹ́ ló wà láàárín fáíbà méjì. Ẹ fi ìdí screwdriver kàn án jẹ́jẹ́ káàkiri. Tó bá ń dún kó kó kó, ó le. Tó bá ń dún bọ̀ọ̀ bíi páálí, omi ti wọnú igi, ó ti jẹrà.

9/ Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ lè rí róro bíi tẹni tí omi gbóná dà sí lára. Ẹ má sá. Róro yẹn kì í sábà ri ọkọ̀, àmọ́ ó dáa fún ìnájà. Ní ti Centaur, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti so mọ́ ara ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ yẹn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni àìlera ẹ̀ wà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fún un lágbára, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹ̀rí.

10/ Ìwé ńkọ́? Mọ́tò ní lọ́ọ̀gìbúùkù ní UK. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré ò ní irú ẹ̀ tó jẹ́ dandan. Ìwé títà láti ọwọ́ ẹnì kan sí ìkejì ni ẹ̀rí yín. Kẹ́ ẹ sì bi marina pé ṣé gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀, torí ẹ lè ra ọkọ̀ kẹ́ ẹ bá gbèsè nínú ẹ̀.

11/ Wàyí o, "mi ò san owó ilé mọ́." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Marina ń gbowó lórí gígùn ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gbà kéèyàn máa gbé inú ọkọ̀ lọ́dọọdún. Àdírẹ́sì wo lẹ máa fún báǹkì? Èwo lẹ máa fún GP? Ẹni tó wà lórí vísà, ṣé ẹ ti ro ìyẹn?

12/ Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ inú odò tóóró dà yín lójú rú. Tìyẹn yàtọ̀. Ó ní láísẹ́ńsì tiẹ̀ àti ìwé àyẹ̀wò ààbò tiẹ̀. Onígbòkun tó ní òpó gíga kò lè gba abẹ́ afárá wọn kọjá láìsọ òpó ẹ̀ kalẹ̀.

13/ Ó wá kan àwa tá à ń ṣe content. Iṣẹ́ mi nìyí, mo mọ bó ṣe ń lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. "Mo ra ọkọ̀ ní £1" á kó view wọlé. "Mo lo Sátidé mẹ́fà lábẹ́ ọkọ̀, mò ń ha ìdọ̀tí" ò ní kó nǹkan kan.

14/ Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni kókó: ọkọ̀ tó bàjẹ́ jẹ́ ọjà fún ẹni tó ń ṣe fídíò. Bó ṣe ń jò, bẹ́ẹ̀ ni view ń gòkè. Àwọn tó ń wò ó ló ń san owó àtúnṣe ẹ̀, onígbọ̀wọ́ ló ń fún un ní ọ̀dà. Tí tiyín bá jò, ta ló máa sanwó? Ọkọ̀ kan náà, fún tiẹ̀ ó jẹ́ iṣẹ́, fún tiyín ó jẹ́ gbèsè. Kò sì sọ ìyẹn fún yín.

15/ Mo ti ń gbọ́ yín: "Ṣé o fẹ́ kó jẹ́ ti olówó nìkan ni?" Rárá o. Tania Aebi jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó gbéra ní New York lọ́dún 1985, nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 26. Ó yí ayé ká, ó padà dé ní 1987. Ọkọ̀ kékeré tó. Ohun tí ò tó ni ọkọ̀ kékeré tí wọn ò tọ́jú.

16/ "Nǹkan òyìnbó ni jàre." Irọ́ tún nìyẹn. Teddy Seymour, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ọkọ̀ wà yí ayé ká, ó parí ẹ̀ ní 1987. Bill Pinkney parí tiẹ̀ ní 1992. Àwa náà ńkọ́? Ẹ lọ bi ará Ìlàjẹ, ẹ lọ bi ará Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Èdè wa ní ìgbòkun, ó ní ìdákọ̀ró, ó ní èbúté. Ẹni tí omi ò kàn kì í sọ bẹ́ẹ̀.

17/ Nítorí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Mo ní kẹ́ ẹ ra èyí tó ń rìn. Bó ṣe yẹ kó lọ rèé:

18/ Ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ẹlòmíì. Àwọn ẹgbẹ́ aṣọ́kọ̀ máa ń wá ẹni tó máa bá wọn fa okùn. Kọ́ọ̀sì Competent Crew ti RYA, ọjọ́ márùn-ún ni. Òfin UK ò béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí lójú òkun fún fàájì. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọ nìyẹn: kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró.

19/ Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa so ó mọ́ kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ pín owó yín sí méjì: ìdajì fún rírà, ìdajì ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ra èyí tí ẹni tó ni ín wà lójú omi lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe "project." Ẹ gbé sọ̀fíyọ̀ tiyín lọ, kó wò ó lórí ilẹ̀. Ẹni tó ń tà ò gbọ́dọ̀ bá yín yan sọ̀fíyọ̀.

20/ Tówó ò bá tó, ẹ ṣe é bí àjọ. Èèyàn mẹ́ta, ọkọ̀ kan, ìwé àdéhùn kan tó sọ ẹni tó ń san kí ni àti bí èèyàn ṣe lè jáde. Àwọn ìyá wa ti ń dá àjọ kọ́lé tipẹ́.

21/ Torí òkun ò mọ̀ pé owó yín ò tó. Lọ́dún 1979, ìjì bá ìdíje Fastnet pàdé, awakọ̀ 15 ló kú, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn sì ni. Ẹni tó bá sọ pé kẹ́ ẹ fi wáyà tó ti jẹrà jáde "kẹ́ ẹ ṣáà gbádùn ayé yín," ẹ bi í pé ṣé òun náà máa bá yín wọ̀ ọ́.

22/ Ẹ̀yin elegbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò ọkọ̀: ẹ gbé gbogbo owó tẹ́ ẹ ná sábẹ́ fídíò yín. Wáyà, ìnṣọ́ránsì, marina, kírénì, gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ya òòrùn tó ń wọ̀ lójú òkun, ẹ lè ya rìsíìtì.

23/ Ẹ̀yin tó kù, ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ RT kó tó dọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ fi gbogbo owó ìfipamọ́ ẹ̀ ra "ọ̀fẹ́" ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí.